Ògbufọ̀ Ilé Gémù

Mo ti purọ́ rí. Kì í ṣe irọ́ tí wọ́n fi ń gba ohun olóhun o. Irọ́ tèmi kò mú nǹkan kan wọlé fún mi ju àga kan ṣoṣo lọ. Ohun tí mo ṣe ni pé mo sọ fún gbogbo èrò inú ilé gémù kan ní Ìkòròdú pé mo mọ èdè Jàpáánù kà. Wọ́n gbà mí gbọ́, mo sì jókòó lé irọ́ yẹn fún ọdún kan ó lé díẹ̀, títí a fi gbé e dé Ẹ̀pẹ́.

Ìgbà náà ni fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ohun tí gbogbo ènìyàn ń ní. Ilé gémù wa wà ní ìsàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, nítòsí ibi tí bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ti máa ń gbé àwọn tó ń lọ sí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá. Tẹlifíṣọ̀n méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan wà fún gémù bọ́ọ̀lù, ìdí rẹ̀ ni ariwo máa ń wà. Èkejì, tí gbogbo ojú rẹ̀ ti ń pọ́n díẹ̀díẹ̀ nítorí ogbó, ni wọ́n fi sílẹ̀ fún gémù ìjà, àwa tí a fẹ́ràn ìjà kò sì ju bí ẹni mẹ́wàá lọ.

Ọ̀gá tó ni ilé gémù ti lé ní ọmọ ogójì ọdún. Ó ti tún rédíò ṣe rí kó tó di pé kò sí ẹni tó ń gbé rédíò wá mọ́. Gémù bọ́ọ̀lù ló lọ rà lọ́jà lọ́jọ́ náà, ẹni tó tà á fún un ló fi síídì mìíràn sínú páálí. Nígbà tó fi í sínú ẹ̀rọ, àwọn ènìyàn tí a rí jáde kì í ṣe agbábọ́ọ̀lù. Ojú wọn tóbi bí àwo, ẹnu wọn kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, irun wọn sì dúró ṣánṣán lórí. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀, láti òkè dé ìsàlẹ̀, èdè Jàpáánù ni.

Ọ̀gá bojú wẹ̀yìn, ó béèrè pé kí ni wọ́n kọ síbẹ̀. Àwa tó wà lórí bẹ́ńṣì ń wo ara wa. Ní àsìkò yẹn, mo ti jáde ní ilé ìwé gíga láti oṣù mélòó kan, mo wà nílé, mò ń wá iṣẹ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni ń bi mí lójúmọ́ ni èyí tí ìyá mi ń bi mí, pé ṣé mo ti fọ abọ́. Bàbá mi ló ń mójú tó sítọ́ọ̀ ní ilé iṣẹ́ kan, mo sì ti rí irú ìkọ̀wé yẹn lára àwọn páálí ẹ̀rọ tí wọ́n ń kó wá síbẹ̀. Rírí ni mo rí i o, n kò kà á. Àmọ́ kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, ẹnu mi ti là. Mo ní wọ́n ní kí á yan ẹni tí a fẹ́ fi jà.

Ọ̀gá tẹ bọ́tìnnì, lóòótọ́ ni ojú àwọn oníjà sì tò síta pé kí á yan ọ̀kan. Kí ni gémù ìjà ìbá tún sọ? Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rò ó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń wò mí, wọ́n ń mi orí. Ọ̀gá béèrè ibi tí mo ti kọ́ ọ, mo ní ìwé atúmọ̀ kan wà nílé wa tí bàbá mi mú bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Ìyẹn ni irọ́ kejì. Ó dìde, ó fà mí kúrò lórí bẹ́ńṣì, ó sì fi mí jókòó sórí àga aláfẹ̀yìntì kan ṣoṣo tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà, èyí tí òun fúnra rẹ̀ ń jókòó lé. Láti ọjọ́ yẹn, Ògbufọ̀ ni wọ́n ń pè mí, ìdí mi kò sì gbà láti padà sórí bẹ́ńṣì mọ́.

Iṣẹ́ pọ̀ fún mi. Gbogbo oníjà ló ní ojú ìwé tirẹ̀ tí ó kún fún ọ̀rọ̀, gbogbo rẹ̀ ni mo sì túmọ̀. Mo ní orúkọ wọn ṣòro láti pè, nítorí náà a sọ wọ́n ní orúkọ tiwa. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí irun rẹ̀ gùn ju òun fúnra rẹ̀ lọ ni Onírun. Ẹni tí kì í yọ ọwọ́ kúrò lápò bó ti wù kí ìjà le tó ni Alápò. Ọkùnrin sísanra tó ń fi ọmọrí ìkòkò gba ẹ̀ṣẹ́ ni Alásè. Mo ní wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé sójà ni Alásè tẹ́lẹ̀, pé nígbà tó fi ogun sílẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ kó lọ, ló bá kọ́ oúnjẹ sísè kí ebi má baà pa á. Ọ̀gá fẹ́ràn ìtàn yẹn gan-an. Ìyàwó tirẹ̀ náà ti padà sílé àwọn òbí rẹ̀ nígbà náà, mi ò sì mọ̀ ọ́n nígbà tí mo ń hun ìtàn náà. Láti ọjọ́ yẹn, kò fi ẹlòmíràn jà mọ́ bí kò ṣe Alásè.

Ọ̀kan wà nínú wa tó ń gbé ní ẹ́síteètì, òṣìṣẹ́ olówó oṣù ni. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti ń lọ sí Èkó, nítorí náà ọjọ́ Sátidé nìkan la máa ń rí i. Èrò tirẹ̀ ni pé àwọn tó ṣe gémù náà ṣe ojúsàájú. Ó ní irun Onírun pẹ̀lú ń lu ènìyàn, pé irun kì í sì í ṣe ohun ìjà níbikíbi láyé. Ó ní ó yẹ kí wọ́n gé e. Níkẹyìn, ó jókòó, ó kọ lẹ́tà sí wọn ní èdè òyìnbó, odidi ojú ìwé méjì, pẹ̀lú ẹ̀dùn ọkàn, ó ní kí n bá òun túmọ̀ rẹ̀ sí Jàpáánù kí òun lè fi ránṣẹ́. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní ó máa gba àkókò díẹ̀. Mo fi í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ló ń béèrè ibi tí mo bá a dé.

Èyí tó wá dá gbogbo wàhálà sílẹ̀ ni ọ̀pá kékeré kan tó wà ní ìsàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n. Bí o bá ń jà, ọ̀pá náà á máa kún. Bí wọ́n bá lù ọ́, á tún kún sí i. Tó bá kún tán, á di pupa, á máa ṣẹ́jú. Tí o kò bá fọwọ́ kan nǹkan fún ìgbà díẹ̀, á tún gbẹ fúnra rẹ̀. Ọ̀gá ní kí ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Mo rò ó wò. Ẹni tó ń jà, tó ń jẹ ẹ̀ṣẹ́, kí ló máa ń kún un lára? Mo ní àárẹ̀ ni. Mo ní wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí àárẹ̀ bá kún oníjà, kí ó sinmi, nítorí pé ẹni tó bá ń jà nínú àárẹ̀ ń ṣe ohun tí kò tọ́. Ẹ wò ó, mo gbà á gbọ́ fúnra mi. Ṣebí bí o bá sinmi, ó ń gbẹ ni. Ẹ̀rí wo ni ènìyàn tún ń wá?

Bó ṣe di òfin nìyẹn. Ọ̀gá kọ ọ́ sára páálí, ó kàn án mọ́ ògiri, pé bí àárẹ̀ bá kún ẹnì kan, kí àwọn méjèèjì gbé páàdì tí wọ́n fi ń darí oníjà lé itan, kí ẹlòmíràn ka ení dé ẹẹ́wàá, kí ìjà tó máa lọ. Àwọn oní-bọ́ọ̀lù ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìjà wo ni wọ́n ti ń sinmi. Kí n sọ òtítọ́, ìsinmi yẹn dùn ju ìjà lọ. Ìgbà náà la máa ń sọ̀rọ̀. Ẹni tí ń kà á máa ń rọra kà, kí àríyànjiyàn lè parí: ta ló lágbára jù, ta ni kò wúlò, ṣé ó yẹ kí wọ́n gé irun Onírun, ṣé ìyàwó Alásè yóò padà wá.

Ẹni tí a fohùn ṣọ̀kan pé kò wúlò ni Onígbálẹ̀. Ọmọbìnrin tín-ín-rín kan ni, ìgbálẹ̀ ló fi ń jà, àárẹ̀ rẹ̀ sì ń yára kún ju ti gbogbo wọn lọ. Mo ní wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ibà ṣe é ní kékeré. Kò sẹ́ni tó ń yàn án, àyàfi ẹnì kan.

Ẹni náà ni ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe bọ́kẹ́ẹ̀tì àti ike. Ọ̀sán ló máa ń wọ iṣẹ́. Yóò dé pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù aláwọ̀ búlúù rẹ̀ ṣáájú bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́, yóò jà fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, yóò na gbogbo wa bí ẹni na aṣọ, lẹ́yìn náà yóò gbé báàgì rẹ̀, ó di ọ̀la. Onígbálẹ̀ nìkan ló ń yàn, a sì gbà pé ọwọ́ tirẹ̀ ló yá, kì í ṣe pé Onígbálẹ̀ lágbára. Mo ti bá a sọ ọ́ títí pé aláìsàn ni, ó kàn máa ń sọ pé òun fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ kan bá sì jáde lójú tẹlifíṣọ̀n, ì báà kéré bí orí èèrà, yóò yíjú sí mi, yóò ní, "Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

Mo fẹ́ràn rẹ̀. Kò sí ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà sọ ọ́. Mo máa ń jí ní òwúrọ̀, mo máa ń wo òrùlé, mo máa ń ro ohun tí n óò kà fún un lọ́sàn-án. Irọ́ tí mo ń pa fún àwọn yòókù, pípa lásán ni. Tirẹ̀, mo máa ń fara balẹ̀ hun ún bí ẹni tó ń rán aṣọ ọdún.

Ní ọjọ́ kan, ọkùnrin kan wọlé wá láti Ẹ̀pẹ́. Mẹkáníìkì ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ni, ó wá ra ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì ní Ìkòròdú, oòrùn ló lé e wọ ṣọ́ọ̀bù wa. Ó rí gémù náà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn náà ní irú rẹ̀ níbi iṣẹ́ òun. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi di èwo ló lágbára jù. Ó nawọ́ sí Onígbálẹ̀. A bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá wa ní àlejò yìí kò tíì mọ gémù náà dáadáa. Mẹkáníìkì náà kò bínú, ó kàn ní kí á wá sí Ẹ̀pẹ́ ní Sátidé tó ń bọ̀ kí á wá fi ojú ara wa rí i, kí á mú ẹni tó bá dá wa lójú jù lọ́wọ́. Ọ̀gá ní a ó wá. Ó ní a ó sì mú ògbufọ̀ wa lọ́wọ́ pẹ̀lú.

Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ náà ni ilé ayé mi dà rú. Ọ̀gá lọ ra epo sínú jẹnẹrétọ̀, èmi nìkan ni mo kù ní ṣọ́ọ̀bù, mo ń fi aṣọ nu páàdì nígbà tí ìjà kan ṣì wà lójú tẹlifíṣọ̀n. Onígbálẹ̀ ni, àárẹ̀ rẹ̀ sì ti kún, ó ń ṣẹ́jú. Aṣọ mi tẹ bọ́tìnnì mẹ́ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo ojú tẹlifíṣọ̀n ṣókùnkùn. Onígbálẹ̀ kígbe. Ìgbálẹ̀ rẹ̀ di ìjì, ó gbá Alápò láti ìhín dé ọ̀hún, ọwọ́ Alápò sì jáde kúrò lápò fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ padà, ìdajì ẹ̀mí Alápò, ìlà òkè tó máa ń dín kù bí wọ́n bá ń lù ọ́, ti lọ.

Mo jókòó. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, bákan náà ló rí. Kì í ṣe àárẹ̀ rárá, agbára ni. Fún ọdún kan gbáko, gbogbo ìgbà tí agbára bá ti kún wa lọ́wọ́, ṣe la máa ń gbé páàdì lé itan, tí a ó ká ọwọ́ gbera, tí a ó máa wò ó bó ṣe ń gbẹ lọ. Onígbálẹ̀ tí mo fi ibà ṣe sì ni ọ̀gá gbogbo wọn, nítorí pé tirẹ̀ ló ń yára kún jù. Mo mọ̀ pé bí ọmọbìnrin náà, tí a ti yàn láti jà fún wa, bá fi òfin mi lọ sí Ẹ̀pẹ́, wọn yóò fi ojú rẹ̀ gbolẹ̀. Mo sì mọ̀ pé bí mo bá sọ̀rọ̀, kò ní bi mí léèrè ohunkóhun mọ́ láyé. Ìyẹn gan-an ló dùn mí, kì í ṣe àga. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo rántí àga náà pẹ̀lú.

Nígbà tí ọ̀gá dé, ó ní kí ló ṣe mí. Mo ní kò sí nǹkan.

Ọkọ̀ ẹni tó ń gbé ní ẹ́síteètì la wọ̀ lọ́jọ́ Sátidé náà. Òun àti ọ̀gá wà níwájú, èmi àti ọmọbìnrin náà wà lẹ́yìn. Mo ti pinnu pé kí á tó dé Ẹ̀pẹ́, n óò ti jẹ́wọ́. Ní Àgbọ̀wá, ẹ́ńjìnnì gbóná, a dúró kí wọ́n bu omi sí i. Èmi àti rẹ̀ dúró létí ọ̀nà. Mo ní ohun kan wà tí mo fẹ́ sọ. Ó yíjú sí mi pátápátá, ó ní kí n sọ ọ́. Ó dúró, kò yára, ó ń wò mí. Mo ní ebi ń pa mí. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀ sí i, ó wá mú búrẹ́dì jáde nínú báàgì rẹ̀, ó bù ú sí méjì fún mi. N kò tíì jẹ búrẹ́dì tó le láti gbé mì tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí a dé ìyànà Èjìnrìn, mo tún fẹ́ gbìyànjú. Mo ti la ẹnu tán nígbà tí ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ó ní òun ti sọ fún àwọn ará ilé ìyàwó òun pé ọ̀mọ̀wé kan wà ní ṣọ́ọ̀bù òun. Ó ní òun fẹ́ tún pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù kùn, òun yóò kọ ọ́ síbẹ̀ pé ògbufọ̀ wà níhìn-ín. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ ní ó dára bẹ́ẹ̀, ó wá béèrè ibi tí mo bá lẹ́tà òun dé. Mo ní ó kù díẹ̀. Mo pa ẹnu mi dé títí a fi dé Ẹ̀pẹ́.

Ẹ̀yìn ibi tí mẹkáníìkì náà ti ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe ni wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n sí, ẹ̀bá omi gan-an ni. Epo ẹ́ńjìnnì àti ẹja ń rùn pọ̀. Àwọn èrò Ẹ̀pẹ́ ti jókòó sórí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, wọ́n ń dúró dè wá. Wọ́n kí wa káàbọ̀ dáadáa. Àwọn náà ní orúkọ tiwọn fún àwọn oníjà: Onírun tiwa ni wọ́n ń pè ní Ọkọ Onídìrí, wọ́n sì gbà pẹ̀lú wa pé ó yẹ kí wọ́n gé e. Inú ẹni tó ń gbé ní ẹ́síteètì dùn gan-an sí èyí.

Ìjà ẹlẹ́ẹ̀mẹta ni, ẹni tó bá borí lẹ́ẹ̀mejì ló gbé e. Ọmọbìnrin wa jókòó. Ọ̀gá rọra sọ fún un pé kó yan Onírun. Ó yan Onígbálẹ̀. Ọ̀gá fi ọwọ́ bojú. Mẹkáníìkì náà rẹ́rìn-ín, òun náà yan Onígbálẹ̀, àmọ́ aṣọ funfun ni tirẹ̀ wọ̀ kí á lè dá àwọn méjèèjì mọ̀.

Ìjà bẹ̀rẹ̀, ọmọbìnrin wa ń gbá a dáadáa. Ọ̀pá rẹ̀ kún, ó ń ṣẹ́jú. Ó gbé páàdì lé itan, ó ká ọwọ́ gbera. Ọ̀gá mi orí pẹ̀lú ìgbéraga, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà: ení, èjì. Mẹkáníìkì náà dúró, ó wo tẹlifíṣọ̀n, ó wo ọmọbìnrin náà, ó ní, "Àǹtí, ṣé kò sí ìṣòro o?" Ọ̀gá ṣàlàyé fún un pé àárẹ̀ ló kún, pé a ń sinmi ni. Àwọn ará Ẹ̀pẹ́ wo ara wọn. Ọkùnrin náà béèrè pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀gá àti ẹni tó ń gbé ní ẹ́síteètì nawọ́ sí mi. Ọ̀gá ní ògbufọ̀ ni, ó ń ka Jàpáánù geere.

Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín ni. Kò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí tìyanutìyanu, ó ní àwọn kò ní irú rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, àwọn kàn ń tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wá ni. Lẹ́yìn náà, bí ọ̀pá tirẹ̀ náà ti kún, ó tẹ bọ́tìnnì mẹ́ta pọ̀, ilẹ̀ ṣú, ìjì jà, ọmọbìnrin wa sì ṣubú. Ráúńdì kìíní parí.

Ọ̀gá dìde. Ó ní èrú ni, pé ọkùnrin náà ń fi àárẹ̀ jà. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀, àmọ́ mẹkáníìkì náà gbé ọwọ́ sókè, ó ní kí wọ́n dákẹ́. Ó ní bó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ṣe é kọ ọ́, òun gbà, kí á tún ráúńdì náà jà, òun náà yóò máa sinmi. Ó ní kí ògbufọ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan. Gbogbo ojú yí sí mi. Ẹ gbọ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù kí gbogbo rẹ̀ bọ̀ sípò. Wọn ì bá sinmi ní Ẹ̀pẹ́ títí di òní.

Ọmọbìnrin náà yíjú padà láti orí ìjókòó rẹ̀. Ó nawọ́ sí ìsàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n, ó ní, "Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

Bí kì í bá ṣe òun ló bi mí, bóyá ǹ bá tún purọ́. Mo ní, "Mi ò mọ̀. Mi ò mọ̀ ọ́n kà. Mi ò mọ̀ ọ́n kà rí."

Mo sọ gbogbo rẹ̀, páálí ibi iṣẹ́ bàbá mi, ìwé atúmọ̀ tí kò sí, ọ̀rọ̀ ọ̀pá náà tí mo mọ̀ láti Ọjọ́bọ̀ tí n kò sọ. Ẹni tó ń gbé ní ẹ́síteètì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní lẹ́tà òun ńkọ́? Mo ní ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó jókòó sórí ẹ́ńjìnnì kan, kò sì mọ̀ pé epo wà lára rẹ̀. Ọ̀gá kò pariwo. Ó kàn rọra béèrè bóyá Alásè náà kò wá ṣe sójà rí nìyẹn. Mo ní èmi ni mo hun ún, mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ má bínú. Ó ní bó ti wù kó rí, lójú òun, sójà ni. Ojú tì mí ju ìgbà tí wọn ì bá gbá mi létí lọ.

Ọmọbìnrin náà yíjú padà, ó gbé páàdì, ó ní kí ìjà máa lọ. Nígbà tí ọ̀pá rẹ̀ kún ní ráúńdì kejì, kò wo ọwọ́ rẹ̀ rárá, ó tẹ bọ́tìnnì mẹ́ta pọ̀ wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ti ń ṣe é láti ọjọ́ pípẹ́. Ilẹ̀ ṣú. Ìjì jà. Onígbálẹ̀ aláṣọ funfun bá ara rẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀gá gbàgbé pé inú òun kò dùn, ó ń fò sókè. Èmi ni n kò lè fò. Mo ti sọ fún wọn pé ọ̀pá náà kì í ṣe àárẹ̀, àmọ́ n kò tíì sọ bọ́tìnnì tí wọ́n ń tẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ní ráúńdì kẹta, ọ̀pá àwọn méjèèjì kún lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀mí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ni mẹkáníìkì náà bá gbé páàdì lé itan, ó ká àwọn ọwọ́ ńlá rẹ̀ tó kún fún gíríìsì gbera. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká sinmi díẹ̀. Ẹ̀yin lẹ mú un wá, ó sì wù mí." Ọmọbìnrin wa rẹ́rìn-ín, ó gbé tirẹ̀ náà lé itan.

Mo tẹ̀ síwájú, mo rọra bi í léèrè ìgbà tó ti mọ̀. Ó ní láti oṣù àkọ́kọ́ tí òfin náà wà lára ògiri. Ọwọ́ òun ló ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́ níjọ́ kan tí òun nìkan wà nídìí gémù.

Mo ní, "Kí ló dé tí o kò sọ?"

Ó ní, "Bí mo bá sọ ọ́, ta ni yóò tún sinmi? Ìgbà ìsinmi yẹn lo máa ń sọ ìtàn. Wákàtí mẹ́jọ ni mo máa ń dúró ti ẹ̀rọ oníke lẹ́yìn ìyẹn, kò sì sí ẹni tó ń sọ nǹkan kan fún mi níbẹ̀."

Mo ní ráúńdì kìíní ńkọ́, tó jẹ́ kí wọ́n nà án lójú gbogbo ènìyàn.

Ó ní, "Mo fẹ́ mọ̀ bóyá wàá sọ ọ́ fúnra rẹ."

Àwọn ará Ẹ̀pẹ́ ti wọnú ọ̀rọ̀ irun Onírun pẹ̀lú àwọn èrò wa, ẹnì kan ń sọ pé kí wọ́n gé e dé èjìká, ẹni tó ń gbé ní ẹ́síteètì ń sọ pé kí wọ́n fá a kodoro. Kò sí ẹni tó ń kà. Ní ṣọ́ọ̀bù wa, ẹnì kan á ti ka ení dé ẹẹ́wàá, àmọ́ lọ́jọ́ náà, gbogbo wa gbàgbé pé aago wà ní òkè tẹlifíṣọ̀n tó ń sáré lọ. A kàn gbọ́ tí agogo dún ni. Àkókò ti tán. Ẹ̀mí tó kù fún Onígbálẹ̀ aláṣọ funfun ló fi díẹ̀ bíntín ju ti tiwa lọ, òun ni wọ́n gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè. Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ ńlá kan jáde láti etí kan dé ìkejì tẹlifíṣọ̀n.

Ọmọbìnrin náà yíjú sí mi, bó ti máa ń ṣe.

Ó ní, "Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

Mo wò ó, ẹ̀rín wà lójú rẹ̀, àmọ́ ó ń dúró de ìdáhùn ní tòótọ́. Ọ̀gá ń dúró dè é. Mẹkáníìkì náà, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ìjẹ́wọ́ mi, na ọrùn kí ó lè gbọ́. Mo sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n, mo fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Mo ní, "Wọ́n ní Ẹ̀pẹ́ ló borí. Wọ́n tún ní kí wọ́n fún àwọn àlejò lẹ́ja jẹ kí wọ́n tó máa lọ."

Mẹkáníìkì náà wo ọ̀rọ̀ náà pẹ́, ó wò mí, ó tún wo ọ̀rọ̀ náà. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò rẹ̀, ó sì ké sí ìyàwó rẹ̀ pé kó dáná. Ọmọbìnrin náà ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí ìjókòó rẹ̀ kí n lè ríbi jókòó, ó ní lónìí, mo kà á dáadáa.